Orí Kẹta: Kókó Tí Dígí Kò Mọ̀

"Ìyá, ẹ gbé àgbọ̀n yín sókè díẹ̀," Lájídé wí fún mi, ó sì de ìlẹ̀kẹ̀ ìdákẹ́ mọ́ mi lọ́rùn.

Ìlẹ̀kẹ̀ kọ́ o, ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tàn yín. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí ni, ó tutù rinrin, ó sì máa ń gbọ́ ohun tí ọ̀fun bá fẹ́ sọ kí ẹnu tó sọ ọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ ló rán Lájídé wá láti ti yàrá pa fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ọmọ mi. Ọmọ àdúgbò ni, mo ti ń kó irun fún ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó bí i, ìdí nìyẹn tí kò fi lè wò mí lójú dáadáa bó ṣe ń so irin mọ́ àgbàlagbà lọ́rùn.

"Ikọ́ ò burú," ó ní. "Kí ẹ sín ò burú. Bí ẹkún bá ń gbọ̀n yín, ẹ sun ún. Ọ̀rọ̀ ni kò gbọdọ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ kan péré, ìlẹ̀kẹ̀ á pọ́n, wọ́n á sì fagi lé gbogbo ẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni Dókítà á fi jókòó kí wọ́n tó tún pè é."

"Bí mo bá ní 'yéè' ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ ni 'yéè', Ìyá."

"'Háà' ńkọ́?"

"Ìyá!"

Fadérera bú sẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí níwájú dígí. Ọmọ mi kan ṣoṣo nìyẹn, Dókítà Fadérera. Láti àárọ̀ kùtù ni kò ti rẹ́rìn-ín, inú mi sì dùn pé mo rí eyín rẹ̀. Ó mọ̀ mí. Gbogbo Ìlá ló mọ̀ mí. Èmi tí mo máa ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo bá ti ya irun rẹ̀ títí tó fi máa dìde, tí màá tún sìn ín dé ẹnu ọ̀nà kí ọ̀rọ̀ má bàa já, èmi ni wọ́n ní kí n dákẹ́ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ìjọba yìí ò láàánú rárá.

Lájídé gbé wàláà rẹ̀ sókè, ó ń kà á. "Òfin Dígí, ẹsẹ kẹrin. Ẹlẹ́rìí yàrá gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ojú máa ti olùdíje jù lọ bó bá ṣe èrú níwájú rẹ̀. Dókítà, ṣé àwọn nìyí?"

"Àwọn ni," Fadérera dáhùn.

"Kò sí ẹlòmíì?"

"Kò sí."

Mo tẹ àtàǹpàkò mi sára wàláà náà. Wọ́n ti lo ẹ̀rọ rí, wọ́n ti lo ọlọ́pàá rí, èrú ò dópin nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àwọn dókítà. Ìgbà tí ẹnì kan wá rántí ìtìjú ni nǹkan tó rọlẹ̀ díẹ̀. Ta ló fẹ́ ṣèrú lójú ìyá rẹ̀?

Ká má parọ́, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi, ó sì tún ta mí. Lọ́jọ́ tí Fadérera gboyè dókítà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bi í níṣojú mi pé iṣẹ́ wo ni màmá ń ṣe. Ó ní, "Oníṣòwò ni wọ́n." Oníṣòwò! Kí ni mo ń tà? Mo rẹ́rìn-ín, mo sì jẹ ìrẹsì mi. Ọdún méjì rèé, kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Mo mọ ohun tó fà á. Ta ló tún ń kó irun láyé yìí? Fìlà adìrun ti gba ìlú kan. Wàá dé e sórí, wàá ka ìṣẹ́jú mẹ́wàá, irun ti dì, kò sí sùúrù, kò sí ìtàkúrọ̀sọ. Èmi nìkan ni onídìrí tó kù ní gbogbo àdúgbò wa. Àwọn ọmọdé máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á máa wo òwú dúdú ọwọ́ mi bí ẹni pé mo jí i gbé nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

"Ó ku ìwé ẹrù," Lájídé ní. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nàka sí nǹkan níkọ̀ọ̀kan. "Tábìlì kan. Àga méjì. Fáànù kan. Àpótí ìdánwò kan. Garawa omi kan. Ẹlẹ́rìí kan."

"Lẹ́yìn garawa?" mo ní. "Lájídé, lẹ́yìn garawa lo kọ mí sí?"

"Bó ṣe wà nínú òfin nìyẹn, ẹ má bínú. Gbogbo ohun tó bá wà nínú ìwé ẹrù ni olùdíje lè lò láti fi dáhùn ìbéèrè. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án." Ó tẹ nǹkan kan lára wàláà, irin ọrùn mi sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. "Ó ti bẹ̀rẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Onídìrí. Mo bẹ̀ yín."

Ó jáde, ó sì ti ìlẹ̀kùn.

Dígí náà tóbi tó ìlẹ̀kùn, ògiri ni wọ́n gbé e tì. Ó kọ́kọ́ ṣú, lẹ́yìn náà orí àwọn olùbéèrè mẹ́ta yọ nínú rẹ̀. Ojú amọ̀ ni aráyé ń pè é. Kò ní irun, kò ní etí, o ò lè sọ pé ọkùnrin nìyí tàbí obìnrin, àgbà tàbí ọmọdé, ohùn kan náà sì ni gbogbo wọn ní. Bí ọmọ mi náà ṣe rí lójú tiwọn nìyẹn, ojú amọ̀, ohùn amọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ àti ohun tó bá fọwọ́ kàn nìkan ni dígí ń fi hàn wọ́n bó ṣe rí gan-an, torí ọwọ́ ni wọ́n wá wò.

Mo rí orúnkún Fadérera tó ń tẹ̀ lọ sílẹ̀ kó tó rántí. Bó bá kúnlẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé obìnrin ni, òfin ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ padà wàrà. "Ẹ káàárọ̀ o," ó ní lórí ìdúró. Ó dùn mí wọra. Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́!

"Ilé Ìwòsàn Àgbà Orí-Òkè," Olùṣọ́ bẹ̀rẹ̀. Olùṣọ́ ni ohùn dígí fúnra rẹ̀, òun ló ń rí sí òfin. "Àyè rẹ́sídẹ́ńsì fún iṣẹ́ abẹ, ẹyọ kan. Olùdíje, igba ó lé mọ́kànlá. Ẹ̀yin lẹ kẹ́yìn. Olùdíje kò gbọdọ̀ dárúkọ ara rẹ̀, ìlú rẹ̀, òbí rẹ̀, tàbí olùkọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá dárúkọ ti já. Ẹni tó bá parọ́, aago òtítọ́ ọwọ́ rẹ̀ á pọ́n, òun náà ti já."

Ẹyọ kan nínú igba ó lé mọ́kànlá. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Fadérera ti ń sọ pé òun máa la ènìyàn, òun á sì rán an padà, ẹni náà á dìde, á máa rìn lọ sílé rẹ̀. Rẹ́sídẹ́ńsì yìí ni ọ̀nà kan ṣoṣo. Ọdún mẹ́fà ló máa fi wà lábẹ́ àwọn ọ̀gá kí wọ́n tó gbà pé ọwọ́ rẹ̀ ti pé.

Ohùn Kìíní ló kọ́kọ́ béèrè. Ọmọdé kan ni wọ́n gbé wá, inú ń run ún, ara rẹ̀ gbóná, kí lẹ máa ṣe? Fadérera dáhùn. Mi ò gbọ́ ìdajì ohun tó sọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bó ṣe sọ ọ́. Kò sáré. Kò ṣe "ẹ̀ẹ́n, ẹ̀ẹ́n". Ó sọ ohun tó máa kọ́kọ́ wò, ó sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, ó tún sọ ohun tó máa sọ fún ìyá ọmọ náà kí ìyá má bàa dákú síbẹ̀. Níbi tó ti dárúkọ ìyá ọmọ yẹn, orí mi wú. Àwọn igba yòókù, ṣé wọ́n rántí ìyá?

"Ẹ ṣí àpótí," Ohùn Kejì wí.

Ẹran àfarawé kan ló wà nínú rẹ̀, ó ń mí, ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá sì ń tú jáde níbì kan nínú rẹ̀ ṣùrù-ṣùrù. Òwú dúdú tín-ín-rín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òwú tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ abẹ, àti ẹ̀mú kékeré kan.

"Ọwọ́ òsì yín lẹ ó fi di ìfun mú. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan lẹ ó fi ta kókó. Ẹ ní ìṣẹ́jú kan."

Ọmọ mi ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó yí òwú náà po lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó fi ọmọńdinrín fa ẹnu òwú gba abẹ́ ara rẹ̀ kọjá, ó sì fún un díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀jẹ̀ dúró.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò kúrò lórí àga. Kókó mi nìyẹn! Kókó tí mo fi ń parí irun kíkó! Bó bá le jù, orí á fọ́ ẹni tí ò ń kó irun fún, eéwo á sọ sí ìdí irun rẹ̀. Bó bá dẹ̀ jù, kò ní di ọjọ́ kejì kó tó tú. Ọmọ ọdún méje ni Fadérera nígbà tí mo kọ́ ọ, orí ara mi náà ló sì fi kọ́ ọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń lo oògùn orí fífọ́. Mi ò mọ̀ pé ó gbé e lọ sí iléèwé dókítà. Kò sọ fún mi rí.

"Ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kàndínlógún," Olùṣọ́ wí. Ó yẹ àkójọ kókó rẹ̀ wò. "Kókó yìí kò sí nínú àkójọ. Mo ní ẹgbẹ̀rin kókó ó lé mẹ́rin lọ́wọ́. Kò sí nínú wọn."

Ojú amọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjú sí ọwọ́ ọmọ mi.

"Olùdíje," Ohùn Kejì ní, "ṣé ọwọ́ yín nìyí?"

Ara mi bù máṣọ. Gbogbo ẹni tó ní ọmọ dókítà mọ ohun tí ìbéèrè yẹn jẹ́. Ọwọ́ àyálò ni wọ́n ń sọ. Awọ kan ni wọ́n ń tà ní kọ̀rọ̀, wàá fà á wọ ọwọ́ rẹ, kò sẹ́ni tó máa rí i, ẹ̀rọ inú rẹ̀ á sì máa darí ìka rẹ bí ẹni pé ogún ọdún lo ti fi ń ṣiṣẹ́ abẹ. Àwọn tó ń ṣe é máa ń kọ́ ọ ní kókó tuntun tí ẹnì kankan ò rí rí. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí tí bátìrì rẹ̀ kú láàárín iṣẹ́, tí aláìsàn sì bá a lọ. Ẹni tí wọ́n bá mú pẹ̀lú ọwọ́ àyálò, kò ní fọwọ́ kan aláìsàn mọ́ láyé rẹ̀.

"Ọwọ́ mi ni," Fadérera dáhùn. Aago rẹ̀ tàn, àwọ̀ ewé. Òtítọ́.

"Àwọn tó ń lò ó máa ń gbà gbọ́ pé ọwọ́ àwọn ni," Ohùn Kejì ní. "Aago ò lè mú ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti gbà á. Níbo ni ọwọ́ yìí ti wá? Ta ló kọ́ yín?"

"Ìbéèrè yẹn ti ń lọ síbi orúkọ," Olùṣọ́ kìlọ̀.

"Mi ò béèrè orúkọ. Mo ní kó fi ìdí ọwọ́ rẹ̀ múlẹ̀. Bí kò bá lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, màá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ àyálò ni."

Ẹ wá wo wàhálà. Bó bá ní "Ìyá mi ló kọ́ mi," ó ti dárúkọ òbí, ó já. Bó bá parọ́ pé nínú ìwé lòun ti rí i, aago á pọ́n, ó já. Bó bá dákẹ́, iṣẹ́ tó ti ń lálàá rẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án parí lónìí, ó parí títí ayé. Èmi tí mo ní ìdáhùn ni mo jókòó lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹrù. "Èmi ni! Èmi ni mo kọ́ ọ!" Ó ti dé ọ̀fun mi. Irin náà gbọ́ ọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ó gbóná débi pé òógùn ń ṣàn wọ inú àyà mi. Mo gbé e mì. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣeé gbé mì bẹ́ẹ̀.

Fadérera tẹ ojú mọ́lẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kí ni mo ń gbàdúrà nígbà yẹn? Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Mo ń gbàdúrà pé kó rọ́gbọ́n dá, kódà bó jẹ́ pé ó máa ní kò sẹ́ni tó kọ́ òun. Kó ní oníṣòwò ni mí, kó sọ ohun tó bá wù ú, kí aago ṣáà gbójú fò ó, kí wọ́n fún un ní àyè.

"Mi ò ní sọ ẹni tó kọ́ mi," ó ní nígbẹ̀yìn. "Òfin ò gbà. Ṣùgbọ́n mo lè fi iṣẹ́ tí mo ti inú rẹ̀ kọ́ ọ hàn yín. Mo fẹ́ lo ohun kan nínú ìwé ẹrù."

"Èwo?" Olùṣọ́ béèrè.

"Ẹlẹ́rìí."

Olùṣọ́ wá a nínú ìwé. "Tábìlì kan, àga méjì, fáànù kan, àpótí ìdánwò kan, garawa omi kan, ẹlẹ́rìí kan. Ó wà níbẹ̀. Ẹ lè lò ó."

Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọmọ yìí ti gbé àga mi yíjú, ó ti wá sẹ́yìn mi, ó sì ti ṣí gèlè mi.

Mo fẹ́ kú! Onídìrí tó kù nínú àdúgbò, irun jákujàku lábẹ́ gèlè! Ta ló ń kó irun fún onídìrí? Láti ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti tú tèmi tí mi ò ráyè. Mo wo dígí, mo rí orí ara mi pẹ̀lú ojú amọ̀, ṣùgbọ́n irun funfun yẹn ò bò. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún un nínú. Ó mú ẹ̀mú kékeré inú àpótí, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ ya irun mi láti iwájú orí dé ìpàkọ́, ó tọ́ gbọnrangandan. Ó já òwú iṣẹ́ abẹ, ó fi eyín di ẹnu rẹ̀ kan mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó irun mi.

Ọdún mẹ́jọ ni kò ti kó irun, ṣùgbọ́n mo mọ ọwọ́, ọwọ́ yẹn ò gbàgbé nǹkan kan. Ó ń yí òwú sún mọ́ra, ìyípo kan ò gun ìkejì. Nígbà tó kó èkíní dé òpin, ó yí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó fi ọmọńdinrín fà á.

"Ẹ dúró," Ohùn Kìíní ní. "Ẹ tún ìyẹn ṣe. Jẹ́jẹ́."

Ó kó èkejì, ó tún un ta, jẹ́jẹ́, kí gbogbo wọn lè rí i.

"Kókó kan náà ni," Olùṣọ́ wí. "Ìfúnmọ́ra rẹ̀ kan náà."

"Ẹ̀rọ lè ṣe ìyẹn náà," Ohùn Kejì ní. Ìkanra wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn bó ti wù kí wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ́ ohùn rẹ̀ pẹrẹsẹ tó. "Ó ń dirun. Ta ló ń dirun lọ́wọ́ mọ́? Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, tó ní kókó tirẹ̀?"

Fadérera já òwú mìíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹta.

Ìgbà yẹn ni Ohùn Kẹta sọ̀rọ̀. Kò tíì la ẹnu rẹ̀ láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ojú amọ̀ rẹ̀ súnmọ́ dígí, ó dà bíi pé ó fẹ́ gbé orí wọ inú yàrá.

"Ojú gbooro o!" ó ní.

Ẹ̀yin ènìyàn! Bí wọ́n ṣe ń kí onídìrí lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Àwọn tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, bí wọ́n bá tiẹ̀ kí mi, "Ẹ ǹ lẹ́ o" ni, wọ́n ti lọ. Ẹni tó bá mọ̀ pé ojú gbooro ni wọ́n ń sọ, ẹni náà ti jókòó sáàárín ẹsẹ̀ onídìrí rí. Ẹni náà ti sùn lórí itan rẹ̀ rí nígbà tí wọ́n ń kó irun.

"Ohùn Kẹta, ọ̀rọ̀ yín kò yé mi," Olùṣọ́ wí.

"Kì í ṣe ìwọ ni mo bá wí," Ohùn Kẹta dá a lóhùn.

Ìkíni yẹn ní èsì tirẹ̀. Ẹnu mi ti là. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń dá a lóhùn, ẹnu mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ sí i, torí ta ló ń gbọ́ ìkíni tí kò ní jẹ́ ẹ? Kí ẹnì kan kí ọ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ, kí o máa wò ó bọ̀ọ̀? Ìwà burúkú gbáà ni. Irin ọrùn mi ti gbóná bí ìdí ìkòkò. Mo ki ahọ́n mi sáàárín eyín, mo gé e jẹ. Mo tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Omijé ń dà lójú mi, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe ju kí n jókòó, kí ìkíni tí mo ti ń retí láti ọdún mọ́kànlá máa já bọ́ sílẹ̀ níwájú mi.

Ìgbà yẹn ló wá yé mi. Èmi kọ́ ni wọ́n ń kí. Èmi ni orí. Ẹni tó mú òwú dání ni wọ́n ń kí.

Ọwọ́ Fadérera dúró nínú irun mi. Ó lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Dókítà ni, kò sí dókítà tó gbọ́dọ̀ mọ èsì ìkíni yẹn. Bó bá sì dáhùn, ó ti gbà lójú gbogbo wọn pé inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti tọ́ òun, nídìí àpótí ìjókòó onídìrí, pẹ̀lú òwú dúdú àti òróró orí. Mo gbọ́ èémí rẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo gbọ́ bó ṣe tu òwú kúrò lẹ́nu.

"Òòyà á yà o!"

Kò sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó fà á bí mo ṣe máa ń fà á, ó gbé e sókè níparí, ohùn tí èmi máa ń lò nínú ṣọ́ọ̀bù, tí aládùúgbò máa ń gbọ́ lódì kejì títì. Amọ̀ tí wọ́n fi bo ohùn rẹ̀ ò lè bo ìyẹn.

"Ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú àkójọ," Olùṣọ́ wí. "Mo ń wá orúkọ nínú rẹ̀. Kò sí orúkọ ènìyàn. Kò sí orúkọ ìlú. Aago olùdíje, òtítọ́."

Ohùn Kẹta mi orí amọ̀ rẹ̀. Ohùn Kejì ló kọjú sí. "Ẹ béèrè ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti wá. Ó ti dá yín lóhùn. Ẹ lè ra ọwọ́ o. Ẹ ò lè rí èsì yẹn rà níbì kankan, wọ́n ní láti tọ́ yín síbẹ̀ ni."

Fadérera ta kókó ẹ̀kẹta.

"Mo fa ìbéèrè mi padà," Ohùn Kejì wí. Lẹ́yìn náà, ó rọra fi kún un pé, "Iṣẹ́ náà dára."

Iná mẹ́ta ló wà lókè dígí, ti Ohùn kọ̀ọ̀kan. Ti kẹta ló kọ́kọ́ tàn. Ti kìíní tẹ̀ lé e. Ti kejì ṣẹ́jú bí ẹni tí kò fẹ́, ó wá tàn.

"Àyè rẹ́sídẹ́ńsì fún iṣẹ́ abẹ," Olùṣọ́ wí, "olùdíje nọ́ńbà igba ó lé mọ́kànlá ló gbà á." Dígí náà ṣú.

Lájídé ṣílẹ̀kùn wọlé, ó tú irin kúrò lọ́rùn mi. "Ìyá, ó ti parí. Ẹ lè sọ̀rọ̀ báyìí." Ó sún sẹ́yìn, bóyá ó rò pé ọ̀rọ̀ ogójì ìṣẹ́jú máa dà lù òun lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo la ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Èmi! Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi! Ẹkún ni mo bú sí, mo fi etí aṣọ nu imú, mo tún sun ún. Inú mi dùn débi tó ń dùn mí.

Fadérera wá síwájú mi, ó wá kúnlẹ̀ wàyí, orúnkún méjèèjì, bí mo ṣe kọ́ ọ. "Màmá, ẹ má bínú sí mi nítorí ọjọ́ yẹn."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ tí mo ní oníṣòwò ni yín."

"Áà, ìyẹn? Mo ti gbàgbé rẹ̀ tipẹ́."

Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni aago òtítọ́ wà, kò sí lọ́wọ́ mi.

Ó dìde, ó tún mú òwú. "Ẹ jókòó kí n parí irun yín. Mẹ́ta péré ni mo tíì kó, ẹ̀gbẹ́ kejì rí játijàti."

"Fi sílẹ̀," mo ní. "Mo fẹ́ lọ ra iyọ̀."

"Iyọ̀? Pẹ̀lú orí yìí? Ẹ wé gèlè, ẹ jọ̀ọ́."

Mi ò wé nǹkan kan. Mo gbé orí mi báyìí, irun mẹ́ta tó kó dúró ṣánṣán lápá kan, ìyókù fẹ́ lẹ́lẹ́, mo bọ́ sí títì lójú ọ̀sán gangan. N ò tíì dé ìkóríta tí ìyá kan tó ń bọ̀ pẹ̀lú fìlà adìrun lórí fi dá mi dúró, tó ń wò mí bí ẹni rí àrà.

"Ìyá Onídìrí, ta ló ṣe yín báyìí? Ta ló kó irun ìdajì sílẹ̀ fún yín?"

"Oníṣẹ́ abẹ ni," mo ní. "Ọmọ mi ni. Onídìrí sì ni."

Mo kọjá lára rẹ̀, mo sì gba ọ̀nà ọjà tó gùn, ibi tí èrò pọ̀ sí jù. Iyọ̀ wà nílé o. Kò tán.